Kí la fi ń mọ iyàn tó dára? Ìjíròrò fún àwọn adájọ́ iyàn jíjà ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Atọ́nà_Oyèmẹkùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. A ń múra ìdíje iyàn jíjà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama láti Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó. Ìwé tí àwọn adájọ́ fi ń fún ọmọ ní máàkì báyìí pín gbogbo máàkì 100 fún ohùn, ìdúró, ìlò àkókò àti bí èdè ṣe dán tó. Kò sí ẹyọ kan nínú rẹ̀ tó kan ìdí tí ọmọ náà mú wá. Mo fẹ́ ká yí i padà.

Ìbéèrè mi ni pé, nígbà tí èèyàn bá ní "ẹ ṣe báyìí, torí báyìí", kí ni ká yẹ̀ wò ká tó sọ pé iyàn rẹ̀ dára? Irú iyàn tí à ń gbọ́ lọ́jà, níbi ìpàdé ẹbí àti nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni mò ń sọ o, kì í ṣe ti inú ìwé ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ: "Epo ti gbówó lórí, nítorí náà owó kẹ̀kẹ́ láti Ọjà Ọba dé ẹnu ọ̀nà FUTA gbọ́dọ̀ kúrò ní náírà 200, kó di 400."

Tíṣà_Òkè-Àró:

Ẹ kú ìrònú o, Atọ́nà. Lọ́jíìkì tí wọ́n ń kọ́ni ní yunifásítì ní òdiwọ̀n kan tó le: bí ìdí bá jẹ́ òótọ́, àbájáde kò gbọdọ̀ lè jẹ́ irọ́ rárá. Bí a bá fi ìyẹn wọn iyàn ojoojúmọ́, gbogbo rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣubú, àtèyí tó dára àtèyí tí kò dára, kò sì ní ràn wá lọ́wọ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí Ralph Johnson àti Anthony Blair, olùkọ́ ní Yunifásítì Windsor ní Kánádà, gbé ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀ ní 1977. Ṣé ìdí náà ṣeé gbà? Ṣé ó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀? Ṣé ó tó láti gbé ohun tí wọ́n gbé lé e? Trudy Govier, tóun náà jẹ́ ọmọ Kánádà, fi irú ìbéèrè mẹ́ta bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ìwé rẹ̀ ní 1985.

Ẹ jẹ́ ká fi yẹ ti kẹ̀kẹ́ wò. Pé epo gbówó lórí, ẹnikẹ́ni tó bá kọjá níwájú ilé epo á rí i. Ó ṣeé gbà. Epo ni kẹ̀kẹ́ ń jó, nítorí náà ó kan owó ọkọ̀. Ìbéèrè kẹta ni ibi tó ti wó. Ká sọ pé owó lítà kan fi náírà 150 lọ sókè, tí kẹ̀kẹ́ sì ń jó lítà 8 lóòjọ́. Àfikún ìnáwó awakọ̀ jẹ́ náírà 1,200. Bó bá gbé èrò 60 lọ́jọ́ náà, náírà 20 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìdí tó mú wá yìí lè gbé náírà 220, tàbí 250 ká tiẹ̀ ro ti wàhálà ṣéńjì. Kò lè gbé 400.

Ibẹ̀ gan-an làwọn adájọ́ ti sábà máa ń ṣìṣe. Wọ́n á gbọ́ ìdí tó jẹ́ òótọ́, wọ́n á kọ máàkì kíkún, wọn ò ní bi ara wọn léèrè bóyá òótọ́ yẹn tó ohun tí ọmọ náà ń béèrè.

Ọ̀dọ́_Onímáìkì:

Ẹ kú àlàyé, sà. Àmọ́ mi ò tíì gbà. Bí awakọ̀ bá sọ ọ́, tí gbogbo èrò inú kẹ̀kẹ́ sì yọ náírà 400 jáde, iyàn rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ nìyẹn. Torí ká lè yí ọkàn èèyàn padà la ṣe ń jiyàn. Èyí tó bá yí i padà ló dára. Àti pé awakọ̀ náà lè sọ pé èrò ti dín kù, kò gbé 60 mọ́, bíi 40 ló ń gbé.

Ọmọ_Oǹdó:

Àbúrò, èyí tó kẹ́yìn yẹn dára. Ìdí tuntun ni, ó sì kan ọ̀rọ̀. Bí èrò bá jẹ́ 40, náírà 30 ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ṣì jìnnà sí 200 tó fẹ́ fi kún un. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ló yẹ kó sọ ọ́. Adájọ́ kò gbọdọ̀ bá ẹni tó ń jiyàn mú ìdí tí kò mú wá.

Ti pé èyí tó bá yí ọkàn padà ló dára, èmi ò gbà. Èrò lè yọ 400 torí pé òjò ti ṣú, tí kò sì sí kẹ̀kẹ́ míì nítòsí. Ìyẹn kò sọ pé wọ́n gba ìdí rẹ̀. Èèyàn tún lè fi irọ́, ìhàlẹ̀ tàbí omijé yí ọkàn padà. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ni òdiwọ̀n, a jẹ́ pé irọ́ tó bá ti dùn létí ti di iyàn rere nìyẹn, àwọn ọmọ tí à ń tọ́ yóò sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ tí kò yẹ ká sọ nù. Chaïm Perelman àti Lucie Olbrechts-Tyteca, ará Bẹ́líjíọ̀mù, tẹnu mọ́ ọn ní 1958 pé kò sí iyàn tí kò ní àwọn tí à ń bá sọ ọ́. Ìdí tí àgbẹ̀ kòkó ní Ìdànrè máa gbà lójú ẹsẹ̀ lè gba àlàyé gígùn kí òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká tó gbà á. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ya àwùjọ tó jókòó níwájú wa sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo ẹni tó ní làákàyè níbikíbi. Ohun tí adájọ́ á fi yẹ ara rẹ̀ wò nìyẹn: yàtọ̀ sí àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ yìí, ṣé ẹni tó fara balẹ̀, tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà, tí kò sì gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, máa rí ìdí yìí gbà?

Màmá_Kòkó:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kòkó la èyí tó ṣókùnkùn jù, ìyẹn "ṣé ó tó".

Àgbẹ̀ kan gbé kòkó dé ibi ìwọ̀n, ó ní: "Kòkó mi ti gbẹ, ọjọ́ méje ni mo fi sá a." Stephen Toulmin, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn ní 1958 pé irú gbólóhùn kékeré bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yà mẹ́fà. Ohun tí àgbẹ̀ fẹ́ ká gbà ni pé kòkó ti gbẹ. Ìdí tó mú wá ni ọjọ́ méje. Ìlànà kan wà tó so méjèèjì pọ̀, kò sì sọ ọ́ jáde: kòkó tí a bá sá sóòrùn fún ọjọ́ méje máa ń gbẹ. Lẹ́yìn ìlànà yẹn ni ẹ̀rí tó gbè é dúró: oòrùn tó mú dáadáa máa ń fa omi inú wóró títí yóò fi kù sí nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún, bó bá sì ju 8 lọ, ó lè bu nínú àpò. Ẹ̀yà karùn-ún ni bí ìdánilójú ṣe tó. "Lọ́pọ̀ ìgbà" ló yẹ kí àgbẹ̀ sọ, kì í ṣe "dandan". Ẹ̀yà kẹfà ni àwọn "àyàfi": àyàfi tí òjò bá pa á, àyàfi tó bá nípọn jù lórí ẹní, àyàfi tí wọn ò bá máa yí i.

Bí ẹ bá ti ní ẹ̀yà mẹ́fà yìí lọ́wọ́, ẹ ti mọ ibi tí ẹ máa tẹ̀ láti mọ̀ bóyá iyàn dúró. Nínú iyàn ojoojúmọ́, ìlànà tí wọn ò sọ jáde àti àwọn "àyàfi" ló máa ń dà á rú jù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Ẹ má sì fi "gbogbo" sí ẹnu ẹni tí kò sọ "gbogbo". Bí ẹ bá kọ ìlànà àgbẹ̀ yẹn pé "gbogbo kòkó tí a sá fún ọjọ́ méje ló ń gbẹ", ẹ ti sọ ọ́ di irọ́ fún un, ó sì wá rọrùn láti ṣẹ́gun rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà ta kò ó; John Pollock, onímọ̀ ọgbọ́n-orí ọmọ Amẹ́ríkà, yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa. Ẹnì kan lè ti ẹ̀rọ tó ń wọn omi bọ inú kòkó, kó bá ìdá 11 níbẹ̀. Èyí ta ko àbájáde fúnra rẹ̀: kòkó kò gbẹ. Ẹlòmíràn lè ní: "Òjò rọ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin nínú méje yẹn." Èyí kò sọ pé kòkó kò gbẹ. Ó kàn já ìdí kúrò lára àbájáde ni. Kòkó lè ti gbẹ lórí iná. Ọmọ tó bá mú òjò wá, tó wá parí rẹ̀ sí "nítorí náà kòkó yín tutù", ti ju ohun tí ìdí rẹ̀ gbé lọ. Ẹ yọ máàkì lára ẹ̀.

Ẹ tún wo èyí. Bí a bá fẹ́ mọ ìpele kòkó, wóró 300 là ń gé sí méjì lóòró, a ó ka èyí tó bu. Bó bá ju 3 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bó bá ju wóró 9 lọ, kò wọ ìpele kìíní mọ́ lábẹ́ òdiwọ̀n àgbáyé. Ẹni tó bu ẹ̀kúnwọ́ kan lókè àpò kan, tó ní gbogbo ẹrù náà dára, mú ìdí tó ṣeé gbà wá, ó sì kan ọ̀rọ̀, àmọ́ kò tó. Àwọn ọmọ tó máa ń sọ pé "ẹnì kan ládùúgbò wa ṣe é, ó yọrí sí rere" ń ṣe irú ẹ̀ gan-an.

Lọ́yà_Ìdànrè:

Mo fara mọ́ Màmá, ọ̀rọ̀ òjò yẹn yẹ kí gbogbo adájọ́ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ fi bí a ṣe ń wo ìdí tó ju ọ̀kan lọ kún un, torí ọ̀pọ̀ adájọ́ rò pé ìdí mẹ́rin ṣáà dára ju méjì lọ.

Ẹ gbọ́ méjì yìí. Èkíní: "Má ra ilẹ̀ etí odò Àlà yẹn. Omi máa ń ya wọ ibẹ̀ lásìkò òjò. Ọ̀nà tó débẹ̀ kò gba mọ́tò." Èkejì: "Títà ilẹ̀ yẹn kò dúró. Ilẹ̀ ẹbí ni. Ẹni tó tà á kì í ṣe olórí ẹbí."

Ẹ fi ọwọ́ bo ìdí kan nínú èkíní. Èyí tó kù ṣì ń sọ̀rọ̀. Bí alátakò bá fi hàn pé wọ́n ti la ọ̀nà síbẹ̀, ọ̀rọ̀ omi ṣì wà. Ẹ wá ṣe bákan náà fún èkejì: ilẹ̀ ẹbí ni, ó tán, kò sọ nǹkan kan nípa títà. Àwọn méjèèjì ní láti jọ dúró, nítorí náà ẹni tó bá bi ọ̀kan ṣubú ti bi gbogbo rẹ̀ ṣubú. Adájọ́ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ máa fún alátakò ní máàkì tó pọ̀ jù nínú èkíní, tó sì kéré jù nínú èkejì.

Ìlànà tó so èkejì pọ̀ ní ẹ̀rí tó lágbára lẹ́yìn. Nínú òfin àṣà tí àwọn kóòtù wa ń tẹ̀ lé, bí ọmọ ẹbí tí kì í ṣe olórí bá ta ilẹ̀ ẹbí, òfo ni títà náà látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, títà náà dúró títí ẹbí yóò fi lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Ẹ rí i bí "ẹni tó tà á" ṣe yí gbogbo àbájáde padà. Ọmọ tó kàn kígbe pé "ilẹ̀ ẹbí kò ṣeé tà" kò tíì ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí.

Ọ̀dọ́_Onímáìkì:

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, sà. Mo ti gbà pé pípàtẹ́wọ́ nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n àwọn ìdíje tí à ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní àkójọ àṣìṣe ìrònú: kíkọlu èèyàn dípò ọ̀rọ̀, fífi orúkọ ẹni ńlá ṣe ìdí, fífi ẹ̀rù bani, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé kò ní rọrùn ká kọ wọ́n sílẹ̀, kí adájọ́ máa yọ máàkì 5 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan?

Tíṣà_Òkè-Àró:

Ó máa rọrùn, àmọ́ ó máa ṣi ìdájọ́ ṣe. Ní 1970, Charles Hamblin, ará Ọsirélíà, bu ẹnu àtẹ́ lu bí àwọn ìwé ìkọ́ni ṣe ń gba irú àkójọ yẹn lọ́wọ́ ara wọn láti ọ̀dọ̀ Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n-orí Gíríìsì àtijọ́, wá, láìsí àlàyé tó gún régé nípa ohun tó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di àṣìṣe.

Wo "ẹ má dá a lóhùn, òpùrọ́ ni." Bí ẹni náà bá ń sọ pé gọ́tà àdúgbò ti dí, tí gbogbo wa lè lọ wò ó, irọ́ tó pa lánàá kò kan gọ́tà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ri òkúta ààlà ilẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ̀rí ẹnu rẹ̀ nìkan la ní, pé ó máa ń parọ́ kan ọ̀rọ̀ náà tààrà. Gbólóhùn kan náà ni, ọ̀kan jẹ́ àṣìṣe, ìkejì kì í ṣe àṣìṣe.

Bákan náà ni fífi ọ̀rọ̀ ẹni tó mọ̀ ṣe ìdí. A kò lè gbé ayé láìṣe é. Douglas Walton, ọmọ Kánádà, kọ ìbéèrè mẹ́fà tí a ó fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ká sọ pé ọmọ kan ní: "Bàbá tó ń ta oògùn kòkó ní oògùn olówó ńlá yìí nìkan ló ń wo àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú." Ṣé bàbá náà mọ iṣẹ́ ọ̀hún lóòótọ́? Ṣé ìmọ̀ rẹ̀ wà lórí àrùn kòkó, àbí lórí ọjà títà? Ṣé ohun tó sọ gan-an nìyẹn, àbí ọmọ yìí fi "nìkan" kún un? Ṣé ó ṣeé gbára lé, nígbà tó jẹ́ pé òun ló ń jẹ èrè? Ṣé àwọn mìíràn tó mọ̀ nípa kòkó gbà pẹ̀lú rẹ̀? Ṣé ó ní ẹ̀rí, bí oko tí wọ́n fín oògùn náà sí àti oko tí wọn ò fín in sí? Ìbéèrè kẹta làwọn èèyàn máa ń gbójú fò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń yí padà jù láti ẹnu dé ẹnu.

Nítorí náà, kí adájọ́ má yọ máàkì torí pé ọmọ dárúkọ ẹni tó mọ̀. Kó yọ ọ́ bí alátakò bá béèrè ọ̀kan nínú mẹ́fà yìí tí ọmọ kò sì ní ìdáhùn.

Atọ́nà_Oyèmẹkùn:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Òwe wá ńkọ́? Àwọn ọmọ wa máa ń pa á. Adájọ́ kan á fún wọn ní máàkì kíkún torí ẹwà èdè, òmíràn á ní òwe kì í ṣe ìdí.

Ọmọ_Oǹdó:

Àwọn adájọ́ méjèèjì kò rí ibi tí òwe jókòó sí. Nínú ẹ̀yà mẹ́fà tí Màmá tò, ìlànà tó ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ni òwe sábà máa ń jẹ́. "Ẹ má tíì dá ẹjọ́ yìí. Ìyàwó nìkan ni ẹ gbọ́ tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà." Ohun tó fẹ́ ni pé kí wọ́n dúró. Ìdí ni pé wọn ò tíì gbọ́ ti ọkọ. Òwe so wọ́n pọ̀, ó sì tún mú ẹ̀rí bí ìdájọ́ ṣe ń rí nílẹ̀ wa láti ọjọ́ pípẹ́ wá pẹ̀lú ara rẹ̀.

Bí a bá yọ gbólóhùn àárín yẹn kúrò, òwe ò rí nǹkan kan so mọ́. Ọmọ tó pa òwe láìmú ìdí wá kò tíì jiyàn, bó ti wù kí òwe náà dùn tó.

Ìṣòro kejì ni pé òwe máa ń ta ko òwe. Ẹnì kan á ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun igi. Ẹnì kejì á ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Kò sí irọ́ nínú méjèèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti bá a mu. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ tí wọ́n ti pín tipẹ́, ojú àgbà ló rí i, èkíní bá a mu. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB lórí kọ̀ǹpútà, èkejì ló bá a mu. Iṣẹ́ ọmọ náà ni láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ jọ èyí tí òwe rẹ̀ ń sọ. Ibẹ̀ ni máàkì wà.

Lọ́yà_Ìdànrè:

Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dá yẹn tún kan ohun tí a kò tíì fọwọ́ bà, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń jiyàn ọ̀hún. Ní Amsterdam, àwọn onímọ̀ iyàn jíjà méjì, Frans van Eemeren àti Rob Grootendorst, pín ìjíròrò tó dára sí ìpele mẹ́rin: kí ohun tí a kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí hàn kedere, kí a gbà lórí ẹni tó máa fi ẹ̀rí hàn àti ohun tí a jọ gbà tẹ́lẹ̀, kí a wá mú ìdí wá, kí a sì parí rẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tí ìdí rẹ̀ dúró. Wọ́n ṣe òfin mẹ́wàá lé e lórí. Àkọ́kọ́ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí ẹnì kejì lọ́wọ́ láti sọ èrò rẹ̀ tàbí láti béèrè ìdí.

Àwọn kan á ní òfin yẹn kò bá ilé Yorùbá mu, torí àgbà lè ní "dákẹ́, ọmọdé". Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọdé tó bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà", àgbà á sì ní "wà á rí òmíràn pa". Àyè láti sọ̀rọ̀ ni wọ́n tọrọ, wọ́n sì fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lò ó nínú ìdíje. Ẹ má yọ máàkì ìlò àkókò lórí rẹ̀.

Kí adájọ́ sì ṣọ́ èyí: ọmọ tó yí ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀ padà kó tó fèsì. Alátakò ní "ká dín iye wákàtí fóònù kù", òun fèsì sí "ká fòfin de fóònù". Ìdáhùn yẹn lè dùn, odo ni máàkì rẹ̀. Johnson tí Tíṣà dárúkọ tún sọ ní 2000 pé iyàn kò pé bí ẹni tó jà á kò bá fèsì sí àwọn àtakò tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó wà.

Atọ́nà_Oyèmẹkùn:

Mo ti kọ ọ́ báyìí, ẹ bá mi wò ó: ìdí ṣeé gbà 20, ó kan ọ̀rọ̀ 15, ó tó 25, ó sọ "àyàfi" àti bí ìdánilójú rẹ̀ ṣe tó 15, ó fèsì sí ohun tí alátakò sọ gan-an 15, ohùn àti èdè 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 100.

Màmá_Kòkó:

Ó dára, ọmọ mi. Àtúnṣe kan ni mo ní. Má jẹ́ kí adájọ́ máa ro wọ́n pọ̀ lásán. Ìdí tí kò kan ọ̀rọ̀ kò lè tó, bó ti wù kó pọ̀ tó. Bí "ó kan ọ̀rọ̀" bá jẹ́ odo, kí "ó tó" di odo pẹ̀lú. Bí ìdí kò bá ṣeé gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Kọ ọ́ sókè ìwé náà ní lẹ́tà ńlá, torí ẹni tó bá sáré kà á máa fún ọmọ ní 25 lórí ìdí tí kò bá ọ̀rọ̀ tan.

Tíṣà_Òkè-Àró:

Màmá sọ òótọ́. Kí ẹ sì fún àwọn adájọ́ ní iyàn kẹ̀kẹ́ yẹn kí wọ́n jọ máàkì rẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Tèmi: ṣeé gbà 20, kan ọ̀rọ̀ 15, tó 5, àyàfi 0 torí "gbọ́dọ̀" ló lò. Adájọ́ tó bá fún "ó tó" ní ju 10 lọ, ẹ jẹ́ kó ṣe ìṣirò lítà 8 àti èrò 60 yẹn fúnra rẹ̀ lórí ìwé, kó tó jókòó sídìí tábìlì.